Ohun tí mo sọ nípa dùndún ìyá mi

Òórùn iṣu díndín ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi tí mo bá wálé sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀ nígbà yẹn. Bàbá mi kì í jẹ dùndún tó bá rọ̀. "Jẹ́ kó jóná díẹ̀ sí i," ni ó máa ń sọ fún ìyá mi, ìyá mi á sì fi í sílẹ̀ nínú òróró títí eteetí rẹ̀ á fi dúdú. Bàbá á wá máa rún un wómúwómú, inú àwọn méjèèjì á dùn.

Jẹjẹrẹ inú ló pa bàbá mi, nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, níbi tí mo ti ń kọ́ nípa kẹ́mísírì. Kò tíì pé oṣù méjì tí a sin ín tí mo wálé fún ìsinmi. Mo ti kà á nínú ìwé ìròyìn pé kẹ́míkà kan wà, akirilamáìdì, tó máa ń wáyé fúnra rẹ̀ nínú iṣu, ọ̀dùnkún tàbí búrẹ́dì tí iná bá pa jù. O mọ bí ìmọ̀ tuntun ṣe ń pa ọ̀dọ́ bí ọtí, ọ̀rẹ́ mi. Ìyá mi gbé agbada kaná, mo jókòó tì í, mo ní, "Màámi, ẹ má jẹ́ kó dúdú mọ́ o. Wọ́n ní ó lè fa jẹjẹrẹ."

Ó gbé ìgò òróró sílẹ̀.

"Irú èyí tó pa bàbá rẹ?"

Mo ní eku ni wọ́n fi dán an wò, wọn ò tíì rí i dájú lára ènìyàn. Kò jọ pé ó gbọ́.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi din ín fún un nínú ulé yìí," ó ní. "Ó ní kí n jẹ́ kó jóná, mo sì ń jẹ́ kó jóná."

Ó bu omi pa iná náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò din nǹkan kan mọ́. Mo mú un lọ bá dókítà tó tọ́jú bàbá mi. Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó fa àìsàn náà, pé kó má da ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Nígbà tí à ń bọ̀ nínú mọ́tò, ó ní, "Dókítà yẹn láàánú," ó sì kọjú sí fèrèsé.

Ọdún mẹ́fà ló lò sí i, kò sì dárúkọ bàbá mi létí mi mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé, mo tún sunkún. Ó máa ń gbọ́ mi tán, á ní òun ti gbọ́. Ohun tí kò dá èmi fúnra mi lójú ni mo sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ó sì gbà á bí ìdájọ́. Obìnrin tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi kú bí apààyàn lójú ara rẹ̀, èmi ọmọ rẹ̀ ni mo sì dá ẹjọ́ náà.