Àmín Tí Mo Ṣe ní Ṣọ́ọ̀ṣì Àwọn Ègùn

Òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgbẹ́ màlúù pa, àti ti àbẹ́là tó ń jó, ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Ègùn nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè yẹn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè wa nígbà tí àwọn ológun ti ibodè pa, ẹ ó rántí bí ìlú ṣe rí. Ọjà-Ọ̀dàn tí èèyàn kì í rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí lọ́jọ́ ọjà wá dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń gbé wá láti ilẹ̀ àwọn onífaransé lódìkejì ibodè kò wá mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tí ilé wọn wà lódìkejì kò wá mọ́, ṣùgbọ́n tíṣà wa kò yọ orúkọ wọn kúrò nínú rẹ́jísítà. Àràárọ̀ ló ń pè wọ́n, tí á fa ìlà síwájú orúkọ wọn, kó tó bọ́ sórí ẹlòmíràn. Mo ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà.

Òdìkejì yẹn ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ègùn ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni, kó tó fẹ́ bàbá mi tó ń ṣòwò àgbàdo, ọmọ ilé àfáà. Ó gba ìsìláàmù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ráfátù. Kí ibodè tó tì, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló máa ń lọ wo ìyá tirẹ̀, màmá àgbà mi, á sì mú mi dání. Màmá Àgbà ló fúnra rẹ̀ kọ́ mi ní orúkọ rẹ̀. Á jókòó sórí àpótí, á ní kí n pè é: "Mària Sẹ̀nàmì." Bí mo bá pè é dáadáa, á bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. Bí mo bá ṣì í pè, á rẹ́rìn-ín títí, á sì tún bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n ti ibodè tí ẹnìkan gba inú igbó wá sọ fún wa pé Màmá Àgbà dùbúlẹ̀, pé ó ń béèrè ọmọ rẹ̀. Ìyá mi bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí òun bá ọ̀nà igbó yẹn lọ. Bàbá mi kọ̀. Kì í ṣe ìkà, ó ti rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan tí àwọn sójà fi kòbókò bẹ́ lójú ọ̀nà igbó náà ni. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló máa ń wí, ó sì wí i títí ó fi sú mi. Ìyá mi náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó máa ń fi pè mí wọlé bí mo bá ṣeré pẹ́ níta: "Ilé làbọ̀ sinmi oko." Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kọ̀ fún un, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ó gbọ́ lọ́jà pé àwọn àgatú, àwọn Ègùn tó ń bá àwọn ará wa ro oko, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lábúlé ẹ̀yìn ìlú, àti pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń yọ́ gba igbó wọlé ti ń sọ ìròyìn ilé. Nítorí iṣẹ́ oko, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe ìsìn Sọ́ńdè wọn. Ìyá mi sọ fún bàbá mi pé a ń lọ já ewé eéran. Ó gbé agbọ̀n dání lóòótọ́. "A ó kàn béèrè ni," ó wí fún mi lọ́nà. "Bí ara rẹ̀ bá ti yá, ara tèmi náà á yá."

N kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí, mo wá ń wo àwọn àgbàlagbà tó ń wọ bàtà wọlé níwájú Ọlọ́run, ojú gbà mí tì fún wọn. Mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá arúgbó kan fà mí dìde, ó gbé mi ka bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, a kò lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi ká dúró kó parí. Wọ́n kọrin lédè Ègùn, èdè tí n kò gbọ́ ju orúkọ oúnjẹ lọ. Nígbà tó ṣe, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètè bá wọn kọ ọ́, ó sì mọ orin náà dé ìparí. Mo wò ó bíi pé obìnrin mìíràn ló jókòó tì mí.

Nígbà tí orin tán, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù tó ti ṣá dìde, ó mú ìwé ọmọ ilé-ìwé dání, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Bó bá ka ọ̀kan, àwọn èèyàn á fi ohùn ìsàlẹ̀ dáhùn. Èyí nìkan ni kò ṣàjèjì sí mi. Nílé kéú wa, bí ẹnìkan bá ṣe sàráà, àfáà á pe orúkọ rẹ̀, á ṣàdúrà fún un, gbogbo wa á sì ké "Àmín". Àfáà máa ń sọ pé àmín ni òǹtẹ̀ àdúrà, pé bí a bá ṣe é kíkankíkan ló ń mú un dé òkè. Kò sí ọmọ kéú tí ohùn rẹ̀ ròkè tó tèmi. Bí mo ṣe gbọ́ "Mària Sẹ̀nàmì", tí ọkùnrin náà tún dárúkọ abúlé wọn, inú mi dùn débi pé mo fò dìde. Wọ́n mọ Màmá Àgbà mi níbí! Wọ́n ń ṣàdúrà fún un! Mo ké e bí agbára mi ti mọ: "Àmííín!"

Gbogbo èèyàn yí orí padà wò mí. Àwọn tó kú lódìkejì ni ọkùnrin yẹn ń ka orúkọ wọn.

Ìyá mi kò pariwo. Ó fà mí jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ọwọ́ náà kò kúrò níbẹ̀ títí ìsìn fi parí. Lẹ́yìn ìsìn, oníkóòtù náà wá bá wa. "Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí," ó wí. "Ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá tí wọ́n ti sin màmá náà." Ìyá mi bi í pé, "Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ẹ̀mí bọ́?" Ọkùnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ó wò ó, ó tún pa á dé. "Wọn ò sọ ìyẹn fún mi," ló dáhùn.

A já ewé nígbà tí à ń bọ̀, nítorí ewé la sọ pé à ń lọ já. "Má sọ fún bàbá rẹ pé a dé ibẹ̀," ìyá mi wí. Ó dé ilé, ó se oúnjẹ alẹ́, ó gbé ti bàbá mi síwájú rẹ̀. Mo ń retí kó nà mí. Ohun tí mo ṣe ti yé mi: wọ́n kéde ikú, mo sì fi àmín lù ú lóǹtẹ̀. Ìyá mi kò nà mí, kò bá mi wí, a kò sì sọ ọ́ láàárín ara wa láéláé.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ìyá mi fi gbé ikú náà sínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi ti ọjà dé, ó ti ìlẹ̀kùn, ó pe ìyá mi jókòó. Ìròyìn ti kàn án. Kó tó sọ ọ́ délẹ̀, ìyá mi ti ṣubú, ó ń yí nílẹ̀, ó ń fi Ègùn ké. Bàbá mi dì í mú, ó ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀, ó rò pé ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ibodè ṣí, a lọ. Àwọn ará ilé ti pín aṣọ Màmá Àgbà, koríko ti bo ojú oórì rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí títí ẹ̀mí fi bọ́.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń kọ́ níwèé, mo sì mọ̀ dájú pé àmín ọmọdé kò lè pa ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá. Mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó fò dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni n kò rí ṣàlàyé fún. Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi kú. Nídìí fídáù rẹ̀, àfáà pe orúkọ rẹ̀, ó tọrọ àforíjì fún un, ó tọrọ àlùjánnà fún un, gbogbo agbo ilé wa sì ké "Àmín". Àbúrò mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. Mo la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo lè ṣe fún ìyá mi nìyẹn, n kò rí i ṣe.