Aago Tó Wà Láyà Mi

Mo rántí ìgbà tí àwọn aládùúgbò mi ní Sabon Gari, ní Kano, máa ń gbọ́ ìró mi kí wọ́n tó rí ojú mi. Kẹ́, kẹ́, kẹ́ ni àyà mi ń dún. Ibà kan tó ṣe mí ní kékeré ló ba ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn mi jẹ́. Nígbà tí mo di géńdé, tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láìmí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n gbé mi lọ sí London, wọ́n yọ èyí tó bàjẹ́, wọ́n sì fi irin rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí irin náà bá padé ló ń dún. Mo bi dókítà pé ọdún mélòó ni màá fi lò ó. Ó ní irin náà kì í tètè gbó, pé kí n máa lo oògùn mi déédéé. Ìyókù, òun ò mọ̀.

Nígbà tí mo padà sí Kano, ọ̀rọ̀ mi di ẹ̀rín. Rédíò ti sọ pé àwọn òyìnbó ń fi ọkàn ẹni tó kú sí àyà ẹni tó wà láàyè, nítorí náà àwọn aládùúgbò kan ní ọkàn òyìnbó ni mo gbé wálé, pé ìdí nìyẹn tí ata fi ń ta mí lẹ́nu. Mo tiẹ̀ ń fi ṣe fáàrí díẹ̀, títí mo fi rí ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ fi ṣaya.

Bàbá rẹ̀ ń tún aago ṣe ní Niger Street, Bàbá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, òun nìkan ló tọ́ ọ dàgbà. Kano ni wọ́n bí ọmọbìnrin náà sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń dáhùn. Ó mọ ohun tó wà láyà mi, ó sì ní òun fẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni kò mọ̀. Wọ́n ti ṣe ìwádìí ìdílé wa bí wọ́n ti máa ń ṣe: bóyá wèrè wà nílé wa, bóyá wárápá, bóyá ẹ̀tẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí bèèrè irin.

Ní ọjọ́ ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìyá mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé nínú ilé tó kún fún aago, ta ni yóò gbọ́ tèmi? Lóòótọ́, aago kún ara ògiri pálọ̀ wọn, gbogbo wọn sì ń dún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi lé sìmẹ́ńtì. Ẹ̀rù bà mí, àyà mi sì ń sáré.

Bàbá Aláago gbé ọwọ́ sókè. "Aago kan wà níbí tí kì í ṣe tèmi. Ó sì ń sáré! Ta ló ni ín?"

Bàbá mi bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ tirẹ̀. Bàbá Aláago gbé wọn sétí, ó mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tẹ́tí bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni mo ti sọ òtítọ́ fún un.

Àwọn aago àti èmi nìkan ló ń dún ní pálọ̀.

"Aago tó bá kú lọ́wọ́ mi, mo lè ṣí i," ni Bàbá Aláago wí. "Tìẹ ńkọ́? Ṣé kí ọmọ mi wá di opó ní kékeré ni?"

Ọmọbìnrin náà ló yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. "Baba, agogon wa ne ba ya tsayawa?" Ó ń bi bàbá rẹ̀ pé aago ta ni kì í dúró. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Mama fa?" Màmá ńkọ́?

Bàbá Aláago wolẹ̀. Kò sí irin kankan láyà ìyá ọmọ náà, síbẹ̀ ó ti lọ. Nígbà tó yá, ó bi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Kí ló dé tí ti ọmọkùnrin yìí ń sáré báyìí?"

"Tsoronka yake ji." Ó ní ẹ̀rù bàbá òun ló ń bà mí.

Bàbá Aláago bú sẹ́rìn-ín. "Dìde, aláago ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ gbé oúnjẹ wá o jàre!"

Àwọn ọmọ wa ti bímọ báyìí. Bàbá Aláago ti lọ sinmi, àwọn aago rẹ̀ tí a kó wá sí pálọ̀ wa sì ti kú tán. Tèmi ṣì ń dún. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ìyàwó mi máa ń rojọ́ pé ariwo àyà mi kì í jẹ́ kí òun sùn. Lẹ́yìn náà ló ní òun ò lè sùn láìsí i. Ní báyìí, etí rẹ̀ ti di, kò gbọ́ ọ mọ́. Ó dùn mí ju bí mo ti rò lọ. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, kó tó ṣe ohunkóhun, ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà, á dúró díẹ̀.

"Yana aiki," ni yóò wí. Ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bá wí bẹ́ẹ̀ tán ló tó máa ń dìde.