Orin Tí Kò Lọ́rọ̀ Nínú

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Kétu tí kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán. Bí fáànù bá ń dún, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ń kùn lọ́ọ̀ọ́kán, á gbé ìka sókè: "Ẹ dákẹ́ ná, ẹ gbọ́ ọ." Ó ti tẹ kíbọ́ọ̀dù fún àwọn olórin títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀, kò sí ìlù níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì kọrin. Ohùn kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ń fà lọ gbọọrọ bí èémí.

Ó pè wá sí pálọ̀ ká wá gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà á pé a máa fi òun rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi sùn lọ lórí àga.

Ọ̀rẹ́ mi ní: "Ó ti sú Màmá." Ó na ọwọ́ láti pa orin náà.

Ìyàwó rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Daddy Bọ́lá, ẹ má pa á o! Látìgbà tí omi ti ya wọ ilé Màmá l'Ájégúnlẹ̀, ṣé wọ́n ti sùn báyìí rí?"

Ọ̀rẹ́ mi fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí orin náà tán, ó rọra tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira nínú wa. Ẹ̀rù ń bà wá pé iná lè lọ.