Ṣé dandan ni kí n gbádùn géèmù kí n tó yìn ín?

Wàsíù ọ̀rẹ́ mi já páàdì géèmù gbà lọ́wọ́ mi lónìí bí ẹni pé mo jí i!

Télọ̀ ni mí. Kaba tí mo rán fún ìyàwó ẹ̀ ni mo gbé lọ sílé wọn ládùúgbò Bonamoussadi. Ó ní kí n jókòó, kí n gbá géèmù tuntun tóun rà.

Ẹ gbọ́, ẹni tó ṣe géèmù yẹn mọṣẹ́. Òjò ń rọ̀ sára kóòtù ọkùnrin inú ẹ̀, èjìká kóòtù náà sì ń tutù díẹ̀díẹ̀. Mo yí ọkùnrin náà pa dà kí n lè wo bí wọ́n ṣe rán apá ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa mí.

Wàsíù pariwo, Faransé ló fi bẹ̀rẹ̀: "Mais, aṣọ lò ń wò?"

Mo ní, "Iṣẹ́ yìí dáa gan-an, àmọ́ kí n máa pààyàn kiri ò wù mí."

"Tí o ò bá gbádùn ẹ̀, kí lo mọ̀ tó o fi ń yìn ín? Dákẹ́ jọ̀ọ́!"

Inú bí mi burúkú. Mo nàka sí ìyàwó ẹ̀, tó ti wọ kaba tuntun náà, tó ń yí níwájú dígí.

"Ta ló rán ìyẹn? Ṣé o rí mi nínú kaba rí?"

Bí mo ṣe jáde nìyẹn.

Ẹni tó bá ní Wàsíù ló jàre, kó sọ ọ́ síbí. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.