Ìyá Tó Ń Yan Gàrí Lọ́nà Òṣùpá

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Jọ́gà-Orílé, olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù wa kọ ìtàn nípa àwọn tó rìnrìn-àjò lọ sínú òṣùpá. Èyí tó bá dára jù ni wọn yóò kà lójú àwọn òbí lọ́jọ́ tí a bá gba ìsinmi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò lè mọ bó ti wù mí tó. Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi, gàrí tó ń yan ló fi ń rán mi nílé ìwé, mo sì fẹ́ kó jókòó láàárín èrò kó gbọ́ ara rẹ̀ nínú ìtàn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́. Ọkùnrin mẹ́ta ló ń wa ọkọ̀ náà, ìyá àgbà kan sì wà lẹ́yìn tó ń yan gàrí fún wọn. Ẹ má bi mí bí iná ṣe ń jó níbẹ̀.

Olùkọ́ yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ìtàn mi ló dára jù, ṣùgbọ́n ó fi bírò pupa fagi lé gbogbo ibi tí ìyá àgbà náà wà.

"Awakọ̀ àti àwọn tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan là ń pè ní arìnrìn-àjò òfurufú," ló wí. "Ìyá tó ń dáná kò sí lára wọn. Yọ ọ́ kúrò, n ó sì ka ìtàn rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Nílé wa, bí a bá yan gàrí tán, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ta ló ṣe iṣẹ́ gidi. Ẹni tó bẹ ẹ̀gẹ́, ẹni tó rin ín, ẹni tó pọn omi, àní arúgbó tó kàn ń koná mọ́ ìdí agbada, gbogbo ẹni tí èéfín bá ti kó sí lójú ló ń bu gàrí lọ sílé.

Mo ní, "Sà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kúrò nílẹ̀. Bí ìyá yẹn ò bá sí níbẹ̀, ebi á pa àwọn yòókù kú sọ́nà."

Ó ní olórí kunkun ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ìtàn ọmọ mìíràn ni wọ́n kà. Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí a délé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, mo ka tèmi fún ìyá àgbà àti àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin, ó wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, àbí inú ọkọ̀ ni mo wà títí wọ́n fi padà?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń bá olùkọ́ jà nítorí rẹ̀, èmi náà ti gbàgbé rẹ̀ sídìí iná. Mo mú bírò lójú ẹsẹ̀, mo kọ ọ́ pé òun ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òṣùpá.

Ayé ti yí padà. Orí fóònù làwọn ọmọ-ọmọ mi ti ń wo irú ìtàn bẹ́ẹ̀ báyìí, wọ́n á sì máa jiyàn lórí ẹni tó yẹ ká pè ní arìnrìn-àjò òfurufú: ẹni tó kàn sanwó wọkọ̀ ńkọ́, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn ńkọ́? Wọ́n á ní kí n dá ẹjọ́ náà. Èmi kì í bá wọn pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá lọ, ó lọ. Olùkọ́ mi ti dolóògbé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n bó bá jí dìde lọ́la, tó fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ mí, n kò ní yọ ìyá àgbà mi kúrò.