Abọ́ Ìdérí Bátìrì

Nígbà tí Jímọ̀ ń kọ́ iṣẹ́ bátìrì ní Ìlerò, ó gbàgbé láti tú àwọn ìdérí bátìrì kan kí ó tó tan jẹnẹrétọ̀ láti fi iná sí i. Atẹ́gùn inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde; bátìrì náà wú, ó sì bẹ́. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti tú ìdérí, inú abọ́ ni ó ń kó wọn sí, yóò sì gbé abọ́ náà síbi tí ojú rẹ̀ yóò máa tó o.

Nígbà tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ṣakí, Ràsáàkì ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó sọ ìtàn yìí fún. Àwọn méjèèjì fi rẹ́rìn-ín títí.

Ní ọdún 1982, Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè dé. Òṣìṣẹ́ ìlera ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ní ibùsùn àti fíríìjì kékeré tí ó ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, bátìrì ni ó sì ń gbé fíríìjì náà. Ó ní bí Jímọ̀ bá tọ́jú àwọn bátìrì ọkọ̀ náà dáadáa, òun yóò gbà á sí iṣẹ́, wọn yóò sì jọ máa rin ìrìn àjò. Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi wọn láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn ènìyàn a máa ní bátìrì ń mu omi. Kò mu omi; ooru ni ó ń gbé omi rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan nígbà ọyẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń fi iná sí àwọn bátìrì Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè lọ́wọ́ nígbà tí àkókò ìrun tó. Jímọ̀ gbé abọ́ ìdérí lé Ràsáàkì lọ́wọ́, ó ní kí ó bá òun ṣọ́ ibẹ̀, ó sì lọ kírun. Ràsáàkì rí i tí eruku ń fẹ́ wọ inú àwọn bátìrì, ó bá dé gbogbo ìdérí náà pinpin.

Nígbà tí Jímọ̀ fi máa padà, bátìrì kan ti fọ́ yángá, Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè sì dúró tì í.

Ràsáàkì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ má bínú sí i. Ìgbàgbé ni. Ó ti ṣe irú rẹ̀ ní Ìlerò rí.”

Jímọ̀ yíjú sí i. “Ràsáàkì, ta ni mo gbé abọ́ fún?”

“Abọ́ wo?”

Ọ̀gá bi Jímọ̀ bóyá òótọ́ ni ti Ìlerò. Jímọ̀ kì í purọ́. Ó ní òótọ́ ni.

Ràsáàkì ni ó bá ọkọ̀ náà lọ. Jímọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ní ọdún 1986 tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, ó ń gbé ní Ìràwọ̀, ó ń dáko iṣu.