Imú Ìwàlọlá àti Ibà Ìyá Ìkókó

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí eyín méjì tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi já sínú ọbẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀rù, Audrey tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀ yìí ń bẹ láàyè. Àná ló jí ẹja jẹ nínú àwo mi.

Àbúrò mi obìnrin, Ìwàlọlá, ti ń yan ẹja tà ní Youpwè, ọjà ẹja etí omi ní Douala, láti ogójì ọdún. Kí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀, imú rẹ̀ ti mọ ẹja tó fẹ́ bàjẹ́. Iṣẹ́ kejì tó mọ̀ ni wíwẹ ìyá ìkókó: aṣọ tó ti inú omi híhó bọ̀ ló fi ń tẹ ikùn wọn. Nígbà tí Audrey, ìyàwó Aurélien ọmọ rẹ̀, bímọ, ta ni yóò tún wẹ̀ ẹ́?

Lọ́jọ́ kẹrin, Audrey bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Màmá, ça va pas o, ara mi ò yá. Òtútù ń mú mi. Ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn mí.”

“Ọmú ló fẹ́ kún. Jẹ́ kí n tẹ ikùn rẹ dáadáa.”

Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, kò gbóná lójú tiẹ̀. Báwo ni yóò ṣe gbóná? Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi híhó! Aurélien ra oògùn palu, ìyẹn ibà ẹ̀fọn, torí gbogbo ibà ní Douala, palu là ń pè é.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìwàlọlá tú aṣọ ìdí Audrey láti pààrọ̀ rẹ̀, ó bá dúró gbagidi. Ó fi omi tútù ṣan ọwọ́, ó tún fọwọ́ kan iwájú orí Audrey. Iná ni! Audrey kàn ń sọ̀rọ̀ kántankàntan.

“Bùrọ̀dá, ẹ pe takisí!” ló ké sí mi.

“Jẹ́ kí n jẹun tán,” ni mo wí.

“Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ! Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kì í rùn báyìí. Nǹkan ń jẹrà nínú ọmọ yìí!”

Nílé ìwòsàn, Dókítà Manuella ò dúró de èsì àyẹ̀wò. Kíá, oògùn tó ń pa kòkòrò ti ń gba iṣan wọlé, omi ń kán tẹ̀ lé e. Ègé ibi ọmọ ló ṣẹ́kù sínú ilé ọmọ, kòkòrò ti ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n yọ ọ́.

“Ẹ má fi omi híhó tẹ ikùn ẹnikẹ́ni mọ́, Màmá,” ni dókítà wí. “Ìyá ìkókó tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n imú yín ló gbà á là.” Ló bá kúnlẹ̀ fún imú àbúrò mi.

Lọ́jọ́ kẹta tí a dé ilé ìwòsàn, Audrey lajú, ó wò mí.

“Papa, kí lẹ ń sunkún sí?”

“Àlùbọ́sà ni,” ni mo dáhùn.

Ìwàlọlá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́. Láti ìgbà náà, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fi ń wẹ ìyá ìkókó, kò sì jẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n kó tó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ibà sí wọn lábíyá.

Ó dáa, ẹ gbọ́. Dókítà ò kúnlẹ̀. Ó kàn dì mọ́ ọn ni.